Bàbá Tí Kò Gbọdọ̀ Fọhùn Níbi Ìkómọ

Ní ọdún 1957, ìjọba kó àwọn akọ̀wé kọ́sítọ́ọ̀mù mélòó kan jọ sí ilé kan ní Ìbà láti kọ́ èdè Faransé, nítorí iṣẹ́ ẹnubodè Dàhòmì. Òfin ilé náà kò mọ ojú ẹnikẹ́ni: Faransé ni kí wọ́n fi jí, òun ni kí wọ́n fi jẹun. Ẹni tí Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì bá jáde lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ̀kọ́ tó parí, ilé yá. Fọlọ́runṣọ́, ọ̀kan nínú wọn, ti lọ ní tirẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó ru igi ìdáná ló kọsẹ̀ níwájú rẹ̀, ló bá ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá!" Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àpótí rẹ̀ ti wà lórí kẹ̀kẹ́.

Àlàní, ọmọ Ọ̀jọ́, ló ń fẹ́ iṣẹ́ ẹnubodè yìí ju gbogbo wọn lọ. Ilé ìjọba ń bẹ níbẹ̀, Abọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀ sì ṣì ń gbé lọ́dọ̀ bàbá tó bí i nítorí àìríbi-gbé. Ẹ̀kọ́ ku díẹ̀ kó parí nígbà tí Abọ́sẹ̀dé bí àkọ́bí wọn. Mùsé Hùnsù, olùkọ́ wọn láti Àjàṣẹ́ ní Dàhòmì, yọ̀ǹda kí Àlàní lọ síbi ìkómọ, ṣùgbọ́n òun alára tẹ̀lé e. Òfin náà sì bá wọn lọ.

Àlàní dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá Sàlámì, àna rẹ̀, kò wí nǹkan kan.

"Ṣé ọ̀fun ń dùn ọ́ ni?"

"Bàbá, mo ti sọ fún yín," Abọ́sẹ̀dé dáhùn. "Iṣẹ́ ìjọba ni."

"Iṣẹ́ ìjọba wo ló ń yọ ahọ́n ọkùnrin?"

Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dá nígbà tí àfáà gbé ọmọ, tó ní: "Bàbá ọmọ, kí lorúkọ rẹ̀?"

Ní ilé Sàlámì, bàbá ọmọ ní láti kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lòun bí i. Bàbá tó bá dákẹ́ ti kọ ọmọ.

Àlàní gba ọmọ, ó gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn rí i. Bàbá Sàlámì mi orí. "Ẹran là ń nàka sí lọ́jà. Ẹnu la fi ń gba ọmọ."

Òógùn bo Àlàní. Ó sọ ọ́ ní Faransé, pé ọmọ òun ni.

"Yéè!" Àyọ̀ká, àbúrò Bàbá Sàlámì, figbe ta. "Ó ń fi èdè tá ò gbọ́ kọ ọmọ! Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, kí ló wí?"

Mùsé Hùnsù gbọ́ Yorùbá dáadáa. Kò dáhùn.

"Ọmọ ta ni, Abọ́sẹ̀dé?" ẹnìkan bi í láti ẹ̀yìn. Abọ́sẹ̀dé tẹrí ba; omijé rẹ̀ ń kán sórí ìró. Àlàní wo olùkọ́ rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ọmọ mi ni!" Ohùn rẹ̀ há, bí ilẹ̀kùn tó ti pẹ́ ní títì. "Èmi Àlàní ni mo bí i. Ṣàkírù lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá tún bi ìyàwó mi ní ìbéèrè yẹn, kó wá bi mí!"

Àfáà gba ọmọ, ó pe ìrun sí i létí. Mùsé Hùnsù dìde, ó dé fìlà rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Ẹ kú ewu ọmọ o, Bàbá Ṣàkírù."

Láti ìgbà tí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kò sọ Yorùbá sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kankan rí. Àlàní dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ yá kẹ̀kẹ́ tí yóò fi kó àpótí rẹ̀ ní Ìbà.