Àmì Òkè Lórí Ìwé Bàbá Ṣẹ́ẹ̀kì

Ẹnu mi yìí ti kó bá mi lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n èyí tó ṣe fún bàbá Ṣẹ́ẹ̀kì ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi, akọ̀wé ni mí nílé iṣẹ́ ìyẹ̀fun kan ní Àpápá. Ẹnjiníà ni bàbá, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì ní Yúróòpù ni wọ́n ti wá to ẹ̀rọ ìlọ̀ tuntun fún wa. Iṣẹ́ ń parí lọ, wọn ò sì fẹ́ padà sílé. Ìyàwó wọn ti kú, wọ́n ní ilé ọ̀hún ti dákẹ́ jù. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọ̀gá àgbà fún àwọn ní ọdún kan sí i láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wa bí a ṣe ń tún ẹ̀rọ náà ṣe. Ohun tó kù ni kí wọ́n dúró níwájú àwọn ọ̀gá, kí wọ́n ṣàlàyé ara wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Wàhálà dé. Òyìnbó tí kò gbọ́ òyìnbó! Lédè tiwọn, orí ọ̀rọ̀, níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ni wọ́n máa ń tẹ ohùn mọ́, ọ̀rọ̀ náà ì báà gùn dé Kirikiri. Bí wọ́n ṣe ń gbá gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí nìyẹn: MÁ-ṣiin, KỌ́N-trool. Kí wọ́n tó parí gbólóhùn kan, ó ti rẹ etí ẹni.

Bàbá ní kí n kọ́ àwọn. Èmi wo? Èmi tí mò ń pe gbogbo sílébù Gẹ̀ẹ́sì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pe Yorùbá. Mo ronú títí, mo wá rí i pé àwa ti yanjú ẹ̀ tipẹ́: tí a bá yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí wọ́n bá ti tẹ ohùn náà ni àwa ń gbé ohùn òkè sí. Maṣíìnì là ń pè é, máṣìnì kọ́. Mo mú báírò pupa, mo fi àmì òkè sí gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé tí wọ́n fẹ́ kà fún àwọn ọ̀gá. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ibi tí àwọn tírélà ń tò sí, bàbá á máa fi ìka ta tábìlì níbi àmì kọ̀ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì wọn ń já geere díẹ̀díẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, iṣẹ́ wọ̀ mí lọ́rùn, mo ní kí wọ́n máa kà á nílé fúnra wọn.

Ní Ajégúnlẹ̀, a máa ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Yáàbìsì là ń pè é. Ẹni tí a bá fẹ́ràn là ń yáàbù, òun náà á yáàbù ẹ padà, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìpàdé ku ọ̀la, àwọn tó ń di àpò ìyẹ̀fun kóra jọ síbi oúnjẹ, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ bíi bàbá. Ara mi ò gbà á, mo dìde. Mo gbá gbogbo ọ̀rọ̀ lórí, mo sì ń fi ṣíbí lu àwo bí mo ṣe ń wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tí mo yíjú padà, bàbá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìwé alámì pupa wọn lọ́wọ́.

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n yáàbù mi padà. Wọ́n kàn mi orí, wọ́n sì lọ. Mo sọ fún ara mi pé ó ti tán nìyẹn. Òmùgọ̀ ni mí. Ta ló ṣàlàyé fún wọn pé ẹni tí a fẹ́ràn là ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí?

Lọ́jọ́ kejì, níbi ìpàdé, bàbá ò sọ̀rọ̀ fúnra wọn. Wọ́n gbé ìwé náà fún máníjà wa kan pé kó bá àwọn kà á. Ó kà á, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọ̀gá bi í ní ìbéèrè nípa ẹ̀rọ, àjà ló ń wò. Bàbá mọ ìdáhùn, mo rí i lójú wọn, ṣùgbọ́n wọn ò la ẹnu. Àwọn ọ̀gá ní bí ẹ̀rọ bá ṣáà ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ò rí ohun tí àwọn fẹ́ fi olùkọ́ ṣe. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí bàbá fi wọ bàálù. Mo sìn wọ́n dé ìdí mọ́tò, mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n, àpótí wọn ni mo kàn bá wọn gbé sẹ́yìn ọkọ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà kí n tó rántí ohùn kan tí bàbá ká ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìpàdé ni wọ́n ti fi ránṣẹ́. Ó gùn, mo ní mà á gbọ́ ọ tó bá yá. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, mo tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà ni wọ́n kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo àmì òkè tí mo fi sí i, wọn ò fo ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, “Tíṣà mi, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé mo lè dúró níwájú èèyàn báyìí?”

Ká ní mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ Àìkú yẹn ni, ǹ bá ti sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, ẹ lè dúró. Títí dòní, mi ò tíì fèsì.