Ọbẹ̀ Dúdú Ará Kòríà

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, aránṣọ ojú ọ̀nà Obosi, ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí ní Onitsha, mo sì fẹ́ kí ó wà lákọsílẹ̀ kí ojú mi tó di. Ọjọ́ kẹta tí mo dé ilé ọkọ ló gba ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ìyàwó mi, lọ jókòó. Ọwọ́ tó ń di ṣọ́ọ̀kì mú kò lè mọ ata lọ̀." Láti ọjọ́ náà, òun ló ń dáná fún àbúrò rẹ̀, èmi tó jẹ́ ìyàwó ilé wá ń gba àwo bí àlejò. Ìwọ náà ti gbé ilé ọkọ rí, o mọ bí ìyẹn ti ń ta obìnrin lára tó.

Ìgbà náà, gbogbo ìlú ń rùn bíi símẹ́ǹtì tútù àti ọ̀dà. Ogun ti parí, owó epo ti dé. Ibi tí ọta ìbọn ti dá ihò sí ògiri ti di ilé alájà mẹ́ta. Súpámákẹ́ẹ̀tì tuntun kan wà lọ́nà tí mo ń gbà bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn àwọn agolo mílíìkì àti páálí ọṣẹ, ará Kòríà kan tó bá àwọn tí ń la títì wá gẹ́gẹ́ bí alásè ti gba káńtà kan, ó to àga gíga márùn-ún síwájú rẹ̀. Gbogbo Onitsha ń pè é ní Ṣáínà. Ó ti bá wọn jiyàn títí ó fi rẹ̀ ẹ́: ará Kòríà lòun, oúnjẹ Ṣáínà tí àwọn ti sọ di tàwọn lòun kàn ń sè.

Oyún oṣù mẹ́rin wà nínú mi nígbà náà, oúnjẹ kankan kì í dúró. Bí òórùn ọbẹ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bá ti fẹ́ sí mi nímú, ẹ̀yìnkùlé ni mo ń sáré lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo yà wọlé lọ ra bisikíìtì, òórùn àlùbọ́sà tó ń dín nínú òróró sì gbá mi mú. Ọkùnrin náà ń la ìyẹ̀fun pípò mọ́ pákó, gbà, gbà! Ó ń nà án, ó ń ṣẹ́ ẹ po, okùn kan di méjì, méjì di mẹ́rin, àfi bí ẹni ń ran òwú. Ó sè é, ó da ọbẹ̀ dúdú kan tó ń dán lé e lórí, ẹ̀wà tí wọ́n ti jẹ́ kó kan bí irú tí a fi ń sebẹ̀. Kí ó tó bu ẹran sí i, ó fi ìka méjì sórí bí ìwo, ó ní, "Káù?" Ó tún fi ìka ti imú rẹ̀ sókè, ó ní, "Píìgì?" Ìkòkò méjì ló ní, ọ̀bẹ méjì, nítorí mùsùlùmí wà nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jẹun níbẹ̀. Èmi náà fi ìka méjì sórí. Èmi tíṣà, mo ṣe ìwo màlúù ní gbangba! Mo jẹ àwo náà tán, kò sì padà wá sókè.

Nílé wa, ọmọ tó bá ń fa oúnjẹ ṣùrùrù, àbàrá ni. Níbẹ̀, bí o kò bá fà á kí ó dún, ọkùnrin náà á rò pé kò dùn mọ́ ọ. Mo fà á dáadáa. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi gbọ́. Pé ìyàwó ilé ń gun àga gíga láàrin àwọn ọkùnrin, ìyẹn nìkan tó ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n ó fi iyọ̀ sí i. Ó jókòó sí pálọ̀, ó ní, "Àbúrò mi, ẹlẹ́dẹ̀ ni ìyàwó rẹ ń jẹ lọ́dọ̀ Ṣáínà. Ekòló àti ẹlẹ́dẹ̀! Lórí oyún ọmọ mùsùlùmí!" Ọkọ mi kò pariwo. Ó ní bí ó bá jẹ́ òótọ́, kí n di ẹrù mi, kí n padà sọ́dọ̀ àwọn òbí mi ní Ìsẹ́yìn. Mo búra. Ó ní ojú òun ni òun yóò fi rí i.

Bí wọ́n ṣe kírun Jímọ̀ tán, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. N kò tíì la ẹnu tí alásè náà ti fi ìka méjì sórí, ó kígbe pé, "Màdáámù Káù!" Gbogbo káńtà bú sẹ́rìn-ín. Bíríkìlà ọmọ Ìgbò kan sọ fún ọkọ mi pé, "Ọ̀gá, ìyàwó yín yìí? Ọjọ́ tí mo gbé àwo ẹlẹ́dẹ̀ tèmi jókòó tì í, ó lé mi dé àga ìkẹyìn!" Ọkọ mi yọjú wo ìkòkò méjèèjì, ó wo ọ̀bẹ méjèèjì, ó wá rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó jókòó, òun náà fi ìka méjì sórí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó kí ẹ jẹun."

"Èmi? Kí n jẹ ekòló?"

"Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́."

Ó jókòó. Ó jẹ ẹ́ kanlẹ̀. Ọbẹ̀ dúdú dì mọ́ ọn lágbọ̀n bí irùngbọ̀n òbúkọ. Mo rí i, mo dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba àárín ọjà kọjá, tó ń kí àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Inú mi ṣì ń dùn bí mo ti ń kọ ọ́ yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi gbé ṣíbí ọbẹ̀ lé mi lọ́wọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi rò ó kí n tó mọ ìdí tí àwo yẹn fi dùn tó bẹ́ẹ̀. Àjèjì tí kò gbọ́ èdè mi ló bi mí léèrè ohun tí n kì í jẹ, kí ó tó bu oúnjẹ fún mi. Nílé ọkọ mi, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan.

Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dùbúlẹ̀, èmi náà ni mo ń fi ṣíbí bu ògì sí i lẹ́nu. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìyàwó mi, mo mọ̀ pé kò sí ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀. Mo ti ránṣẹ́ lọ ra àwo kan wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo ti jẹ ẹ́, kí n tó lọ fẹjọ́ rẹ sun ọkọ rẹ. Ó dùn ju ọbẹ̀ mi lọ. Ìyẹn ló bí mi nínú."