Kúọ̀dì Méjì Lùkúmọ̀n

Inú ń bí Lùkúmọ̀n, ẹ má tan ara yín. Láti àárọ̀ Sátidé ni atúnfáànùṣe Àpòmù yìí ti wà lórí páànù ilé rẹ̀, tó ń bá wáyà jà.

Kúọ̀dì ni wọ́n ń pe áńténà tó ṣe: wáyà onígun mẹ́rin tí a ta sára ọparun. Méjì ló gbé lé ara wọn, kí ohùn rẹ̀ lè dé ìlú Òyìnbó ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá Othniel, arúgbó tó kọ́ ọ ní rédíò n'Ìkirè kó tó lọ máa gbé lọ́hùn-ún, ń pa ẹ̀rọ tirẹ̀ tì lónìí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé e lọ sílé ìtọ́jú àgbà, wọn kì í sì í gba áńténà níbẹ̀. Fóònù wà o, ṣùgbọ́n orí rédíò ni wọ́n ti ń kí ara wọn fún ogún ọdún. Ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ti dágbére.

Wáyà díìṣì, ọ̀kan fún kúọ̀dì kọ̀ọ̀kan, ló so méjèèjì mọ́ rédíò. Bí wọn kò bá bá rédíò mu, agbára á ṣẹ́rí padà, rédíò á sì panu mọ́ kó má baà jóná. Lùkúmọ̀n gé e, ó wọ̀n ọ́n, ó tún gé e. Mítà tó ń wọn agbára tó ń ṣẹ́rí padà kọ̀ jálẹ̀.

"Bàbá Raheemat, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun," Maimunah ìyàwó rẹ̀ pè é.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre! Ṣé mítà yìí fẹ́ yí mi lórí ni?"

Ẹ̀bi ta ni? Àpòmù ló ti ra wáyà kan. Nígbà tí kò tó, ó lọ ra ìyókù n'Ìkirè. Èèpo dúdú kan náà ni. Ṣùgbọ́n inú funfun ọ̀kan le, ti èkejì rọ̀ bíi fóòmù, ó sì fojú ara rẹ̀ rí i. "Funfun ni funfun ń jẹ́," ló wí. Olóríkunkun! Inú èyí tó rọ̀ ni ohùn ti ń yára jù. Bó ti wù kó gé wọn dọ́gba tó, ohùn inú wọn kò lè jọ dé kúọ̀dì méjèèjì, ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n bá rédíò mu.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù kó tó yé e. Ó já kúọ̀dì kan kúrò, ó fẹ́ fi ẹyọ kan ṣe é. Mítà tún burú sí i, torí méjì ló gé wáyà fún.

Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ wọ yàrá tí rédíò wà. Aago mẹ́rin lù. Rédíò ń gbọ́, kò kàn lè sọ̀rọ̀ ni.

"Lùkúmọ̀n, ọmọ mi, ṣé o wà níbẹ̀?" ohùn Ọ̀gá Othniel jáde.

"Mo wà ńbí, sà!" Ó tẹ bọ́tìnnì títí ìka ń dùn ún. Ohùn rẹ̀ kò kúrò nínú yàrá.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá pè é, kó tó mí kanlẹ̀. "Mo mọ̀ pé ò ń dáhùn. O kì í yẹ àdéhùn. Etí mi ni, ọmọ mi. Ó ti kú pátápátá. Ó dàbọ̀ o."

Lùkúmọ̀n bú sẹ́kún. "Kì í ṣe etí yín, sà! Èmi ni!"

Bàbá ti pa ẹ̀rọ.