Àtàǹpàkò Tuda

Láti ogójì ọdún tí Tuda, ìyá arúgbó kan, ti ń da àgùntàn lórí òkè Atlasi, kò sẹ́ni tó mọ àrùn òòyì bíi tirẹ̀. Ọdọọdún ni àrùn náà ń pa nínú ẹran rẹ̀. Bí àgùntàn bá ti ń pòòyì lójú kan, Tuda á fi àtàǹpàkò tẹ agbárí rẹ̀ títí á fi kan ibi tó rọ̀, níbi tí àrùn náà wà.

Inú bí i nígbà tí Usaden, dókítà ẹran, gbé ẹ̀rọ tó ń fi inú orí hàn dé láti ìlú, tó ní òun ń ṣèwádìí ọpọlọ àgùntàn.

"Kí ìyá ẹ tó bí ẹ ni mo ti ń rí i," ni Tuda wí, ó tẹ orí àgbò kan tó ń ṣàìsàn. "Apá òsì nìyí. Gbé ẹ̀rọ ẹ sọ́hùn-ún."

Usaden ṣì gbé ẹ̀rọ náà lé e, ẹ̀rọ náà ní apá òsì ni. Wọ́n pa àgbò, wọ́n la orí rẹ̀, àpò omi funfun kan wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́.

Tuda rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, ó ju orí náà sí ajá rẹ̀.

"Ìyá, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ju gbogbo orí wọn fún un?" ni Usaden bi í.

"Ta ni kí n jù ú fún, ìwọ?"

"Inú àpò yẹn ni aràn wà. Ajá á jẹ ẹ́, á yàgbẹ́ ẹyin rẹ̀ sórí koríko, àgùntàn á sì jẹ koríko. Lóòótọ́ lẹ mọ àrùn náà. Ẹ̀yin gan-an lẹ ń bọ́ ọ."

Tuda já orí náà gbà lẹ́nu ajá, ó gbẹ́ kòtò jíjìn, ó rì í mọ́lẹ̀. Tíì tó ti gbé kaná fún àlejò gẹ́gẹ́ bí àṣà ti ń hó. Ó gbé e kúrò lórí iná, ó da gbogbo rẹ̀ sínú eérú lójú Usaden.