Irin Tí A Fi Ń Se Omi Ìwẹ̀ Ọmọ

Nígbà tí mo bí ọmọ mi àkọ́kọ́, irin kan la fi ń se omi nílé wa, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní bọ́ílìn-ríìn. Ọkọ mi ti ń lò ó láti ìgbà tó wà ní àpọ́n. Wáyà rẹ̀ ti já lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ mi sì ti fi téèpù dúdú wé e lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ó gbé e sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, ẹ ó ki orí rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ó tan súìṣì, ẹ ó sì jìnnà sí i. A ti mọ ìwà rẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ kan omi náà nígbà tí iná ṣì wà nínú rẹ̀, á gbé yín.

Yàrá kan àti pálọ̀ la gbà nínú ilé alájọgbé kan ní Ifẹ̀, kò jìnnà sí Ẹnuwá. Karosíìnì wọ́n gan-an lásìkò náà. Igi ńkọ́? Onílé wa ò fẹ́ rí èéfín rárá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ògiri rẹ̀ ní ọ̀dà funfun ni.

Ìyá ọkọ mi wá láti Ìpetumodù láti wá máa wẹ ọmọ fún mi, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Á jókòó sórí àpótí kékeré, á na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun rẹ̀, á sì máa fi kàn-ìn-kàn-ìn bó o bí ẹni ń fọ ìkòkò. Lẹ́yìn ọmọ, ó kàn mí. Á ki táwẹ̀lì bọ omi gbígbóná, á fi tẹ ikùn mi títí n ó fi pariwo.

"Pariwo dáadáa," á ní. "Ikùn tí kò bá pariwo kì í padà sáyè rẹ̀."

Ọkọ mi, tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ló kọ́kọ́ dárúkọ gáàsì.

"Irin yìí á pa èèyàn lọ́jọ́ kan," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká ra gáàsì kékeré."

"Gáàsì wo? Kó wá bú mọ́ wa lójú?" mo ní.

Ẹ̀rù tó ń bà mí kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama, gáàsì bú mọ́ obìnrin kan ládùúgbò wa. Mo pàdé rẹ̀ nígbà tó ti ilé ìwòsàn dé. Ó kí mi, ó pe orúkọ mi, mi ò sì mọ ẹni tó jẹ́. Ojú rẹ̀ ti di ojú ẹlòmíràn, ohùn rẹ̀ nìkan ló kù. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti pe gáàsì, ohùn obìnrin náà ni mò ń gbọ́. Mo wo ọmọ mi lórí ibùsùn, ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo ní gáàsì ò ní bá a gbé inú ilé kan náà.

Màmá gbè mí. "Ìwọ ọmọ yìí, ohun tí èèyàn ò rí, tí kò lè dì mú, òun lo fẹ́ gbé wálé?"

"Màmá, ṣé ẹ rí iná mànàmáná ni?"

"Mi ò rí i, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó ń gbé." Ó nawọ́ sí ihò ara ògiri. "Gáàsì tìẹ, ta ló mọ ibi tó ń rìn dé?"

Èmi àti Màmá borí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n mú iná lọ. A dúró títí. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Màmá ki ọwọ́ bọ omi, ó ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀. Gbé e wá." Ó fa bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ra tòun ti irin nínú rẹ̀. Wáyà ṣì so mọ́ ògiri, súìṣì ṣì wà ní títàn.

N ó sọ òótọ́. Mo rí i. Mo wo sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, mo ní nínú mi pé, ṣebí kò síná, kí ló fẹ́ ṣe? Mo ní tí mo bá ti gbé ọmọ fún Màmá tán, n ó yọ ọ́. Mo gbé ọmọ fún Màmá. Mo gbàgbé.

Ó bu omi lẹ́ẹ̀kan, ó bù ú lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà náà ni àwọn ọmọdé ilé hó yèè lẹ́yìnkùlé, iná ti dé. Gílóòbù tàn lókè orí wa. Ọwọ́ Màmá wà nínú omi.

"Yé!"

Apá rẹ̀ fò sókè, bọ́kẹ́ẹ̀tì dojú dé, ọmọ yọ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹja, ó bọ́ sórí sìmẹ́ńtì. Mi ò mọ bí mo ṣe pa súìṣì. Mo ṣáà bá ara mi nílẹ̀, ọmọ wà lọ́wọ́ mi, ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Mo gbọ̀n ọ́n. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú. Àfi ìgbà tó yá tó figbe ta, mo sì jókòó sínú omi, mò ń bá a ké.

Màmá di apá ọ̀tún rẹ̀ mú, àwọn ìka rẹ̀ ti ká wọnú. "Ṣé ó wà láàyè?"

"Ó wà láàyè, mà."

"Tún un wò dáadáa."

Ìgbà tí mo tún un wò tán ló tó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ mi dé, Màmá sọ fún un pé òun lòun gbàgbé irin sínú omi. Mo wà níbẹ̀, mo sì jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi kí n tó lè jẹ́wọ́ fún un.

Ọkọ mi ò sọ pé òun ti wí tẹ́lẹ̀. Ó gé wáyà irin náà sí méjì, ó lọ jù ú sí ààtàn. Ọjọ́ mẹ́ta la fi tọrọ omi gbígbóná nílé tó kọjú sí wa, níbi tí wọ́n ti ń fi igi dáná. Lọ́jọ́ kẹrin, ó bi mí pé, "Ìyá ìkókó, kí la fẹ́ ṣe?" Ó fẹ́ kó ti ẹnu mi jáde. Ìbẹ̀rù méjì ló wà níwájú mi, mo wá ẹ̀kẹta tì.

"Ẹ rà á," mo ní.

Sìlíńdà kékeré ni, ojú ìdáná wà lórí rẹ̀. Ẹni tó tà á fún ọkọ mi ní ká po ọṣẹ kó hó, ká fi ìhó rẹ̀ pa ọrùn sìlíńdà, bí ìhó náà bá ń wú sókè, ó ń jò nìyẹn. Mo fi ọṣẹ ọmọ pa á, mo kúnlẹ̀ tì í, mò ń wò ó bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. Kò mira. Mo tún fi pa á.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn la gbé e sí. Màmá gbé ọmọ, ó sọdá títì, ó lọ dúró létí gọ́tà. Ọkọ mi ṣá ìṣáná.

"Ṣé ó ti kú?" Màmá pariwo láti òdìkejì.

"Ó ń jó, mà!"

"Mo ní ṣé ẹ ti pa á? Mi ò ní wọlé bá a."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Ọkọ mi á tanná kó tó lọ síbi iṣẹ́, á sì tún tàn án tó bá dé. Ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ á wà létí títì títí omi á fi gbóná, àwọn ará àdúgbò á máa kí wọn, "Màmá, ẹ kú ìdúró o! Ṣé bọ́ǹbù yẹn ò tíì jinná ni?"

"Ó kù díẹ̀," Màmá á dáhùn. "Ẹ gbé àwo wá."

Nígbà tí ọmọ pé ogójì ọjọ́, Màmá di ẹrù rẹ̀. Apá rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n tó bá gbé ife. Ọkọ mi sìn ín lọ sí ibùdókọ̀ láàárọ̀ kùtù, ibẹ̀ ló sì gbà lọ síbi iṣẹ́. Ó wá ku èmi, ọmọ, àti sìlíńdà.

Mo gbé omi ka orí rẹ̀. Mo gbé ọmọ sọdá títì, mo dúró síbi tí Màmá máa ń dúró sí, mo wá bi ara mi pé ta ló fẹ́ tanná. Mo padà wọlé. Mo tẹ́ ọmọ sórí ibùsùn, mo ti ilẹ̀kùn. Mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní bí ó bá wá bú, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un? Mo sáré padà, mo pọ̀n ọ́n. Mo fún ọ̀já, mo tún un fún.

Ìṣáná àkọ́kọ́ kán mọ́ mi lọ́wọ́. Atẹ́gùn pa ìkejì. Mo dúró kí àyà mi kọjú sí sìlíńdà gan-an, kó lè jẹ́ pé èmi ni yóò kọ́kọ́ bá, mo na apá débi tó lè nà dé, mo di ojú, mo ṣá ẹ̀kẹta.

Fùú.

Mo la ojú. Omi ti wà lórí iná. Ọmọ náà ò tilẹ̀ jí.