Iná Dínkù, Èémí Náà Ń Dínkù

Ẹ bá mi gbọ́ ohun tójú mi rí ní Sango, torí ẹ̀rù rẹ̀ ò tíì kúrò lára mi.

Iṣẹ́ mítà ni mò ń ṣe. Tí ilé-iṣẹ́ kan bá ra ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n ní kì í jẹ iná púpọ̀, èmi ni wọ́n ń pè kí n wá wọ̀n ọ́n, kí n sì buwọ́ lù ú pé lóòótọ́ ni iná dínkù.

Ilé-iṣẹ́ ọ̀dà kan pè mí. Mo wọn iná wọn kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń po ọ̀dà, mo sì padà lọ lẹ́yìn oṣù kan. Háà! Iná ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì! Máníjà ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ èmi tún nọ́ńbà náà wò. Ẹ̀rọ wo ló lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Mo ní kí n wọ ibi tí wọ́n ti ń po ọ̀dà. Ó ní kò pọn dandan, kí n ṣáà buwọ́ lù ú. Mo ní ẹ má bínú sà, mi ò lè fọwọ́ sí ohun tí mi ò fojú rí.

Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, òórùn gbá mi nímú, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Ibẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́. Mo gbójú sókè. Àwọn fáànù ńlá tó ń fa èéfín ọ̀dà síta, kò sí ẹyọ kan tó ń yí!

Ìyá Ramọ́ta, òṣìṣẹ́ àgbà kan níbẹ̀, fà mí lápá.

“Màdáámù, látọjọ́ tí ẹ̀rọ yìí ti dé ni wọ́n ti pa àwọn fáànù yẹn. Ẹ wo Bàbá Kúdí, ó ní òòyì ń kọ́ òun látàárọ̀.”

Bàbá náà jókòó ti ògiri, ó gborí lé orúnkún. Mo pè é, kò dáhùn. Mo fọwọ́ kàn án. Ó ṣubú gbì!

Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ la fi gbé e lọ sí ọsibítù. Ọlọ́run yọ ọ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n dòní.

Èmi wá ní kí wọ́n tan fáànù, mo tún iná wọ̀n. Bíńtín ni iná tí ẹ̀rọ tuntun yẹn dín kù! Máníjà ní kí n jẹ́ kí nọ́ńbà àkọ́kọ́ dúró bẹ́ẹ̀, pé fáànù ò kàn mí. Mo kọ gbogbo rẹ̀ síwèé, mo fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ gan-an. Wọ́n ti tan fáànù padà. Èmi ni wọn ò pè mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí àǹfààní kan bá ti dùn jù, ẹ béèrè ẹni tó ń jìyà rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà láwọn ilé-iṣẹ́ ní Agbára àti Ìgbẹ́sà, ẹ sọ tiyín fún wa: kí ni wọ́n pa níbi iṣẹ́ yín tí wọn ò sọ fún yín?