Músá Tí Kò Jẹ́ Ìpè

Èmi Sùrájù ni àbúrò Músá, ojú sì ń tì mí bí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Atíkòrí ni wọ́n ti bí wa. Asimawu, ìyá wa, a máa lọ ra ẹní ní ìlú etí omi. Nígbà tí wọ́n lóyún ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ dojú dé, àwọn apẹja ló fà wọ́n jáde. Ìdí nìyẹn tí àlùfáà fi sọ ọmọ náà ní Músá, nítorí inú omi ni wọ́n ti fa Ànábì Músá náà jáde.

Ọdún kẹta lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n tí òyìnbó fi ṣẹ́gun wa, Músá rí Hannah ní Òkè-Àgbò, oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun mọ́. Bàbá Hannah ní àfi kó ṣèrìbọmi kí òun tó fi ọmọ fún un. Olùkọ́ ìjọ fi í lọ́kàn balẹ̀: Músá làwọn Lárúbáwá ń pè é, òyìnbó ń pè é ní Moses, Bíbélì wa pè é ní Mósè, ẹnì kan náà ni. Ìyá wa kò tilẹ̀ bínú. Wọ́n ní kó máa jẹ́ méjèèjì, òun mọ èyí tí òun bí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, èmi àti ìyá wa ń ti oko bọ̀, epo ti ta sí wọn láṣọ. A bá Músá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú bàbá Hannah, ó wọ kóòtù. Inú ìyá wa dùn, wọ́n pè é. Ó kẹ̀yìn sí wa. Wọ́n tún pè é.

Bàbá Hannah ní, "Ṣé ìwọ nìyá yìí ń pè?"

"Mé è mọ̀ wẹn, bàbá. Mósè ni mí."

Ìyá wa gbọ́. Èmi náà gbọ́, mo sì panu mọ́. Òmùgọ̀ èmi, mò ń rò ó pé bó bá rí Hannah fẹ́, èmi náà á rí kóòtù wọ̀.

Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, orúkọ mìíràn ló ń wá fún un. Láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni ìyá wa ń ṣe sí ọmọ tí wọ́n bí: "Dúdúyẹmí, ẹ káàárọ̀." Músá dọ̀bálẹ̀, ó sunkún, ó ní kí wọ́n pe òun ní Músá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ní, "Ẹ dìde, Dúdúyẹmí. Aṣọ yín á dọ̀tí."

Ọjọ́ tí wọ́n mú Hannah wọlé, tí wọ́n fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tán, Músá sọ lójú gbogbo àwọn ará ilé ìyàwó pé, "Ìyá mi rèé. Èmi ni Músá wọn."

Ìyá wa dìde. Wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hannah, wọ́n dọwọ́ lé e léjìká.

"Ìyàwó, má pe orúkọ rẹ̀ o. Àwa ìyàwó kì í pè é."